Irin Tí Mo Fi Dí Fèrèsé Yàrá Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí n kò lè ṣí,

Mo kí yín láti ìta. Abẹ́ fèrèsé yàrá yín, ní ẹ̀yìnkùlé, ni mo jókòó sí báyìí, lórí àpótí tí mo ń lò ní ìsọ̀ mi ní ọjà Èjìnrìn, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Bí mo bá dìde, tí mo fi ojú sí àárín irin, mo lè rí ojú oórì yín, ibi tí a fi amọ̀ pupa rẹ́ tí ó ń dán, mo sì lè rí apá ibi tí orí yín wà. Ṣùgbọ́n n kò lè dé ibẹ̀. Nínú ilé tí mo fi òógùn ara mi tún ṣe, Bàbá, n kò lè dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.

Ǹ bá kúkú fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ojú fèrèsé, ẹ ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n agbo ilé kún. Àwọn ìyàwó ilé ń dáná, wọ́n ń fọ ìkòkò, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Irú èmi yìí kọ́ ni wọn yóò bá níbi tí ó ti ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù. N ó ká ìwé yìí wẹ́wẹ́, n ó sì tì í wọlé láàárín irin kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti rí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tiyín, kò sì sí títí di òní. Sàró kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ti òkè òkun padà wá, tí mo ń wọ̀ sí ilé rẹ̀ ní Èkó nígbà tí mo bá lọ ra iyọ̀ ni ó kọ́ mi ní á, bí, dí, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ìgbà òjò kan péré ni mo fi gbà á sí orí. Ọkùnrin náà ní òun kò rí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ jí pépé bẹ́ẹ̀ rí. N kò fi kún un. Bí ó ti sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé Àdùnní ń lọ ilé ọkọ lọ́la. Àdùnní, ọmọ mi obìnrin, ẹni tí ẹ̀yin kò pè ní Àdùnní rí, ìyá mi ni ẹ máa ń pè é, nítorí ẹ ní iwájú orí rẹ̀ ni ti ìyá yín. Òdogbolu ni ọkọ rẹ̀ ti ń bọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó lápá, ó mọ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àyà kan ilẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ yóò dé kí oòrùn ọ̀la tó mú. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa. Kò sí ọmọbìnrin tí ó ń jáde nílé yìí láìkúnlẹ̀ sí ojú oórì, kí bàbá rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú obì àti omi tútù, kí ó sọ fún àwọn tó ti lọ pé ẹni yìí ń lọ o, ẹ máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe é fún àbúrò mi lórí oórì bàbá tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe é fún Àdùnní. Obì wà lọ́wọ́ mi. Omi wà nínú igbá. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kí ó dá ẹjọ́ yìí. Àwọn tó kù ti dá a lẹ́yìn mi.

Ẹ rántí yàrá yìí bí ó ti rí nígbà ayé yín. Kò ní fèrèsé. Ihò kékeré kan wà lókè níbi tí èéfín ń gbà jáde, ó tán. Ẹní kan tí ó ti gbó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, ni ẹ fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ gbé ọmọ aládùúgbò wa lójú ọ̀nà oko, gbogbo baálé ilé ní àdúgbò ló wá pákó, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi igi dá a ní ìdábùú láti inú. Ẹ̀yin kò gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé ẹní ìsùn yín, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdábùú ẹnu ọ̀nà, ẹ ti àdá bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kó àwa ọmọ sí inú yàrá lẹ́yìn yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde lọ tọ̀ ní láti ré yín kọjá. Ẹ ó wá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ̀ pé ẹ mọ ẹni tó jáde. Ẹ kò sọ̀rọ̀. Ikọ́ kan yẹn náà ni. A tún lè gbọ́ òórùn áṣáà yín bí a bá ti ń gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Títí ẹ fi darúgbó, tí àwa fúnra wa ti bímọ, ibẹ̀ náà ni ẹ ń sùn. Èmi a máa wò yín ní òwúrọ̀ bí ẹ ti ń fi ọwọ́ ti ògiri kí ẹ tó lè dìde, n ó sì sọ lọ́kàn mi pé, bí orí bá gbè mí, tèmi kò ní rí báyìí. Ilẹ̀kùn ni yóò máa bá mi ṣe iṣẹ́ yìí.

Orí sì gbè mí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ẹ̀yin mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Orí yìí ni mo fi ru epo ẹlòmíràn lọ sí Èjìnrìn títí irun àárín rẹ̀ fi re. Lónìí, ọkọ̀ tèmi ni ó ń gbé iyọ̀ tèmi kọjá lórí ọ̀sà. Bí mo bá wọ ọjà, àwọn tí mo ti ru ẹrù wọn rí ni wọ́n ń sún fún mi lórí ìjókòó. N kò jogún rẹ̀. N kò tọrọ rẹ̀. Àwọn tí ilé bàbá wọn ní pákó ìrókò nígbà tí tiwa ní ẹní, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá ra iyọ̀ ọbẹ̀.

Nígbà tí mo rí ilé Sàró yẹn ní Èkó, bí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń gba fèrèsé wọlé bí àlejò tí wọ́n pè, mo ní mo fẹ́ irú rẹ̀. Ògiri yàrá yín ni mo sì ní kí wọ́n dá lu fún un. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ní fèrèsé ní gbogbo àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn wá wò ó. Àwọn kan yọ orí wọlé, wọ́n kí yín láti ìta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí ibi tí orí aládùúgbò bá ti lè wọlé wá kí yín, orí olè náà lè gba ibẹ̀. Inú yàrá yín ni mo sì ń kó iyọ̀ àti aṣọ mi sí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó bá mi ṣọ́ wọn.

Bàbá, ẹ kò mọ ohun tí ojú mi rí lórí ohun tí a ó fi dí ihò kan. Ọparun ni mo kọ́kọ́ lò. Mo fi okùn dì í dáadáa, ewúrẹ́ àwa fúnra wa jẹ okùn náà tán. Mo lo igi, ikán mọ ilé sí i lára kí òjò tó dá. Ẹnìkan ní kí n gbin ẹ̀gún sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀gún náà mú ni ìyàwó mi, nígbà tí ó lọ sá aṣọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Ni mo bá ní irin ni. Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Òdogbolu tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le.

Ó ń fẹ́ná lọ, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

“Ṣé èyí tí orí kò ní lè gbà ni ẹ fẹ́, àbí èyí tí ọwọ́ kò ní lè gbà?”

“Èyí tí ó jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ni yóò lè gbà.”

“Bàbá oníyọ̀, ta ló ń lépa yín?”

“Kò sí ẹni tó ń lépa mi. Èmi ni mo fẹ́ wà níwájú wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọ ọ̀pá irin tó pọ̀, ó fi ẹsẹ̀ gígùn sí wọn kí wọ́n lè wọ inú ògiri lọ. Iṣẹ́ náà dára. N kò lè purọ́ mọ́ ọn. Fún ẹnu ọ̀nà, mo ju ẹní yín sọ́hùn-ún, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò odindi, pákó kan ṣoṣo tí kò ní ojú ìsopọ̀. Ọkùnrin méjì ni ó gbé e. Mo sì tún ní kí alágbẹ̀dẹ náà ṣe àgádágodo sí i, kí ó fi irin bo àgádágodo náà yíká kí ẹnikẹ́ni má lè fi òòlù kàn án. Mo ní kí ó ṣe èyí tí òun gan-an kò ní lè ṣí. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́, nítorí ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti di méjì, mo ní ilẹ̀kùn ti di ti ẹni méjì. Àwọn tó wà ní ilé àgbẹ̀dẹ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí wọn. Ó dùn létí èmi pàápàá.

Okùn ṣòkòtò mi ni mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Ní ọjà Èjìnrìn tó kọjá yìí, ọlọ́kọ̀ kan tẹ ẹsẹ̀ bọ àpò iyọ̀ mi, mo dìde nínú ọkọ̀ láti fi ẹnu tọ́ ọ sọ́nà, mo sì fa ṣòkòtò mi sókè bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí ó bọ́ sómi. Ìró kékeré báyìí. Àwọn ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ lọ títí ojú wọn fi pọ́n. Wọ́n rí ìwọ̀ ẹja. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ obìnrin kan. Wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ mi.

Mo ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ. Ó wá, ó fi ọwọ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé.

“Ó dúró dáadáa,” ni ohun tí ó sọ.

“Ṣí i.”

“Kò ṣeé ṣí.”

“Ìwọ lo ṣe é.”

“Ẹ ní kí n ṣe èyí tí n kò ní lè ṣí. Ẹ ti gbàgbé? Gbogbo ilé àgbẹ̀dẹ ló gbọ́.”

Ó ní àfi kí òun kó ẹ̀yinná àti ẹwìrì wá, kí òun fẹ́ iná sí àgádágodo náà títí yóò fi pọ́n. Ó wo òkè, èmi náà wo òkè. Ewé gbodogí ni a fi bo ilé, Bàbá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí orí ilẹ̀kùn. A jọ mú ojú kúrò níbẹ̀. Àwọn agégi gbìyànjú ilẹ̀kùn, ẹnu àáké kan kán. Ìrókò náà ní àpá bí ìgbà tí adìyẹ fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Kí n bú iṣẹ́ tí ó dára? Gbogbo ohun tí mo san owó lé lórí ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n ń dí lọ́nà.

Àdùnní wá bá mi níbí lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀, kò gbé ohùn sókè.

“Bàbá, ṣé ìta ni n ó kúnlẹ̀ sí?”

“Kúnlẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé. Wọ́n ń gbọ́.”

“Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Ilẹ̀ wọn ni mo fẹ́ fi eékún kàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbogbo kàn án.”

“Ṣé o fẹ́ kí n jẹ irin ni?”

“Rárá o. Mo fẹ́ kí ẹ ránṣẹ́ sí Òdogbolu pé kí wọ́n má tíì wá.”

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ sọ. Bí mo bá ránṣẹ́ irú ìyẹn nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, kí ni wọn yóò rò? Wọ́n á ní a ti rí ọkọ mìíràn. Wọ́n á kó ara wọn kúrò. Ọmọ yẹn sì fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ó hàn lójú rẹ̀ bí wọ́n bá dárúkọ Òdogbolu lásán. Síbẹ̀ ó ní òun kò lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni ó ti jogún oríkunkun yìí, ẹ má sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹrù ìyàwó rẹ̀ náà wà níwájú mi yìí, nínú yàrá yín, mo ń rí àwọn igbá fínfín tí ìyá rẹ̀ kó jọ. Mo ń rí wọn. N kò lè fi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí mo ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbà.

Kí ni mo ṣe tí kò dára, Bàbá? Ẹni tí ó ń dáàbò bo ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yìí. Ṣé kí n fi ẹní kọ́ ọ ni? Ẹ ti dákẹ́. Ẹ máa ń dákẹ́ nígbà tí ẹ wà láàyè náà, ṣùgbọ́n ẹ máa ń húkọ́.

Mo gbọ́ ohùn Ẹfúnkẹ́ lójúde. Àbúrò mi ni, ó ti Ìmùṣin, ilé ọkọ rẹ̀, dé fún ìgbéyàwó. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. N kò tíì ṣetán fún ẹnu yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kálàmù sílẹ̀.

Bàbá, èyí tí mo kọ lókè yìí, n kò tì í wọlé mọ́. Àdùnní ti lọ. Ó ti di ìyàwó Òdogbolu. Tàdáwà tí mo fi ń kọ èyí kò dúdú tó nítorí omi ni mo bù sí i, ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà gbọ́ ti Ẹfúnkẹ́ nìkan.

Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ẹrù wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ti Bàbá mọ́lé.”

“Sọ ẹrù kalẹ̀, kí o mu omi.”

“N ó mu ún. Kí ni wọ́n ń pe ihò yìí?”

“Fèrèsé.”

“Ẹ dá ògiri lu, ẹ wá fi irin dí ibi tí ẹ dá lu. Ká ní ẹ kò dá a lu rárá ńkọ́?”

“Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé.”

“Ẹ ṣé é. Ooru á ti máa mú Bàbá.”

Àwọn ìyàwó ilé kò fi ọwọ́ bo ẹnu mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín síta. Èmi náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ti kọjá lára mi, ó ti dúró ti ògiri, ó ń fi ìka kan án bí ẹni tí ó ń yẹ ìkòkò wò ní ọjà.

“Irin wo lẹ fi sí èyí?”

“Ògiri nìyẹn.”

“Amọ̀ ni. Èmi àti ẹ̀yin la tẹ amọ̀ ilé yìí nígbà tí Bàbá kọ́ ọ, ẹ kò rántí? Ẹ bá mi wá ọkọ́ kan.”

Kí n tó dìde, ó ti sán aṣọ rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó da omi ìmu rẹ̀ sí ara ògiri, ó ní kí àwọn obìnrin bu sí i. Mo ní kí ó dúró. Mo ní ògiri tí mo rẹ́ lọ́dún yìí ni. Abẹ́ fèrèsé gan-an ni ó ń gbẹ́, Bàbá, abẹ́ irin tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gígùn sí. Amọ̀ ń já bọ́ bí ẹ̀kọ tí ó tutù. Iṣu tí wọ́n ti sínú iná nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kò tíì jinná tí mo fi ń rí inú yàrá yín láti ìsàlẹ̀. Ó yọ orí jáde, erùpẹ̀ kún irun rẹ̀.

“Ká ní olè ni mí, iyọ̀ yín á ti wà ní Ìmùṣin báyìí.”

Gbogbo èrò mi, gbogbo ìrìn àjò mi lọ sí Òdogbolu, irin àti ìrókò, n kò wo ògiri lẹ́ẹ̀kan. Inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́ gba ọkọ́ náà kí n ju ú sí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Alágbẹ̀dẹ náà mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ gígùn sí irin. Ó rò pé èmi náà mọ̀ ni, pé ẹni tí ó gbọ́n tó mi ní láti ti rò ó.

Àwọn obìnrin rá wọlé, wọ́n ń ti àwọn igbá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdùnní wọlé. Ó kan èmi, bàbá ìyàwó, pẹ̀lú obì àti omi.

N kò lè wọlé, Bàbá. Ẹ kò mọ bí mo ti sanra tó. Nígbà tí ẹ lọ, egungun ìhà mi ṣì ń hàn. Ikùn tí gbogbo ọjà Èjìnrìn fi ń pè mí ní olówó ni ó há sí ẹnu ihò. Mo tì, mo fà. Ẹfúnkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ti mi ní iwájú orí láti inú.

“Ẹ padà sẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó wó ilé lé wa.”

Nígbà tó yá, mo dojú bolẹ̀, mo ti orí àti apá ọ̀tún mi wọlé, ìyókù mi wà ní ìta fún àwọn ewúrẹ́. Ní ìdùbúlẹ̀ yẹn ni mo ṣe bàbá ìyàwó. Mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa obì. Mo da omi sílẹ̀, apá kan rẹ̀ dà sí mi lójú. Eékún Àdùnní wà ní ẹ̀gbẹ́ imú mi, ó kan ilẹ̀ yín, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń to jọ láti ìgbà tí wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀, oríkì ilé wa tí mo fẹ́ kí gbogbo agbo ilé gbọ́, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, “Bàbá, ó ń lọ o.” Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ó tó?

Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, n kò tíì wo yàrá yìí láti ilẹ̀ rí. Láti ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín ga, ibi tí ẹ máa ń sùn sí sì wà níbẹ̀ kedere, àyè gígùn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jìn díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ìrókò mi dúró lórí rẹ̀. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò rí i.

Mo fà sẹ́yìn, èémí mi kò já gaara, n kò lè dìde. Mo wà níbẹ̀ gbalaja ní ẹnu ihò, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìdábùú rẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí. Àdùnní rá jáde lẹ́yìn mi. Ó dúró. Kò sí ibòmíràn tí yóò gbà. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ré mi kọjá. Eruku ògiri ti dé ọ̀fun mi, mo bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó yíjú padà. Ó ti pẹ́ púpọ̀ tí ẹ ti lọ, ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn ni nígbà tí ó ń ré yín kọjá, n kò rò pé ó lè rántí. Ó rántí. Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó lọ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Òdogbolu dé ní ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ lé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹfúnkẹ́ náà ti padà sí Ìmùṣin, gbogbo Ìmùṣin sì ti gbọ́ báyìí, mo mọ̀. Ìrókò ṣì wà ní títì. Irin ṣì wà lójú fèrèsé, kò sí ẹyọ kan tó mì. Ihò sì wà nísàlẹ̀ wọn, gbàgàdà, ajá lè wọ̀ ọ́. Amọlé ní amọ̀ kò ní gbẹ nínú òjò yìí, àfi kí a dúró. Alágbẹ̀dẹ ránṣẹ́ pé òun lè rọ irin tí yóò bo ihò náà. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo ti sùn.

Àdùnní kò sí nílé mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo kó wọn gba ẹnu ihò náà wọ yàrá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí inú yàrá yín ni òjò kò dé. Mo tẹ́ ẹní sí ìdábùú rẹ̀ ní ìta, lábẹ́ ìbòrí ewé, mo ti àdá bọ abẹ́ rẹ̀. Èmi, Bàbá. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ le. Ẹ̀fọn ń jẹ mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò lè mú ìtọ̀ dúró, ó sì máa ń tẹ̀ mí ní ikùn bí ó bá ti ń kọjá, mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní òwúrọ̀, ògiri ni mo ń fi ọwọ́ tì kí n tó lè dìde.

Báwo ni ẹ ṣe ṣe é títí ẹ fi darúgbó? Kí ni ẹ máa ń rò níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn yín tí ó ń dùn yín? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ó máa ń dùn yín? Nígbà tí mo ń wò yín ní òwúrọ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń wò yín?

Oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n ti ń pè mí pé kí n wá kó àwọn ọmọ wọlé. N kò ní ju ìwé yìí láàárín irin. Ọwọ́ mi gba ìsàlẹ̀ báyìí, n ó na apá wọlé, n ó fi sí ẹ̀gbẹ́ orí yín fúnra mi, lábẹ́ awẹ́ obì Àdùnní.

Bí ẹ bá gbọ́ ikọ́ kan lóru, ẹ má dìde.

Èmi ni, ọmọ yín, tí mo wà ní ẹnu ọ̀nà.